Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti Aró: Ta Ni Ó San Owó Ìtọ́jú Ọpọlọ?

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bí ọ̀rọ̀ bá le láàrin ènìyàn méjì, kì í pẹ́ tí ọ̀kan yóò fi sọ fún èkejì pé Aró ni ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ọmọdé mọ̀ ọ́n ní èébú, àgbà mọ̀ ọ́n ní èébú, kódà ẹni tí kò tíì tẹ ilẹ̀ Abẹ́òkúta rí a máa jókòó sí Èkó tàbí Ìbàdàn, a sì máa fi Aró bú ènìyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń dá àpárá yìí kò rántí ni pé ìgbà kan wà tí orúkọ Aró jẹ́ orúkọ ìyìn káàkiri àgbáyé, tí àwọn dókítà ń ti Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wo ohun tí ọmọ Ẹ̀gbá kan ń ṣe ní abúlé mélòó kan lẹ́bàá ìlú Abẹ́òkúta. Ọmọ Ẹ̀gbá náà ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ẹni tí ó fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2004.

A ní ìdí tí a fi yan ìtàn yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìbéèrè kan ń jẹ yọ nínú ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ: owó àánú tí à ń dá fún àwọn aláìsàn, ǹjẹ́ ẹni tí àìsàn rẹ̀ wà nínú ọpọlọ ní ìpín nínú rẹ̀? Bí wọ́n bá ní arábìnrin kan ní ìju nínú, tàbí pé egungun itan bàbá àgbàlagbà kan dá, ọwọ́ a yá láti dá owó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní orí ọmọ ẹnìkan ni ó dàrú, olúkúlùkù a máa wo ilẹ̀. Ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo fi ọ̀nà mìíràn hàn, ó sì tún fi hàn pé owó àánú pàápàá ní orísun tí ó yẹ kí a máa wádìí.

A bí Adéoyè Lambo ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1923. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi dá ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School sílẹ̀ nínú ìlú náà, níbi tí òun náà ti wá kàwé lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta nígbà náà. Henry Townsend ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ láti ọdún 1846, Thomas Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ní ọdún 1850, àwọn fadá ìjọ Àgùdà sì ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò láti ọdún 1895. Ẹni tí ó ní egbò, ẹni tí ibà ń ṣe, aboyún tí ọmọ dábùú nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n rí ibi gbà lọ. Owó tí àwọn onígbàgbọ́ ní òkè òkun ń jù sínú igbá ọrẹ wà lára ohun tí ó ra oògùn tí wọ́n lò.

Ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú yàtọ̀. Ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. A kò fẹ́ bu àwọn oníṣègùn wọ̀nyí kù. Wọ́n mọ gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, tí wọ́n ń fún aláìsàn mu kí ó lè sùn, kí ara rẹ̀ sì rọlẹ̀; nígbà tí àwọn òyìnbó yọ oògùn reserpine jáde ní ọdún 1952 láti ara igi kan ní Íńdíà, ìbátan asofẹ́yẹjẹ ni igi náà. Ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà, pàṣán sì wà. Ìjọba amúnisìn náà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ọgbà wèrè sí Yábàá ní Èkó, ibẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ìtìmọ́lé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ju ìtọ́jú lọ. Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn kan nínú àwọn sọ́jà wa ti ojú ogun dé pẹ̀lú orí dídàrú, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò ni wọ́n kó wọn sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Abẹ́òkúta yóò ṣàkíyèsí pé Lántòrò kan náà ni ilé ìwòsàn àwọn fadá wà. Àdúgbò kan náà, ọ̀kan jẹ́ ilé àánú, èkejì jẹ́ ilé ẹ̀wọ̀n.

Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Lambo ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ní àkókò yẹn náà, ní ọdún 1945, ni ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Dinah Violet Adams; ọmọkùnrin mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ó padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1950, ó ṣe dókítà ìjọba ní Èkó àti ní ilẹ̀ Haúsá, lẹ́yìn náà ni ó tún wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Maudsley. Òun ni a mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó di oníṣègùn àrùn ọpọlọ ní ìlànà ti òde òní.

Kí olùkàwé wa tó lè mọ bí iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ ti tóbi tó, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan ń kọ nípa ọpọlọ ènìyàn dúdú nígbà náà. Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí dókítà J. C. Carothers, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé apá iwájú ọpọlọ ọmọ Áfíríkà kì í ṣiṣẹ́ tó bí ó ti yẹ, ó sì fi ọmọ Áfíríkà wé òyìnbó tí wọ́n ti fi abẹ gé iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni ìjọba amúnisìn ní kí ó wá yẹ àwọn ilé wèrè Nàìjíríà wò ní ọdún 1955. Lambo kò fi ariwo dá a lóhùn. Ó jókòó ti àwọn aláìsàn Yorùbá, ó kọ ohun tí ó rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1955. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àrùn tí ń da orí Yorùbá rú kò ní gbòǹgbò tí ó yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Aṣọ tí àṣà ìbílẹ̀ wọ̀ fún un ni ó yàtọ̀. Kí àwọn olùkàwé wa tó gbàgbé orúkọ Carothers, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: ní ọdún 1973, ogún ọdún géérégé lẹ́yìn ìwé yẹn, ọmọ Ẹ̀gbá yìí di igbákejì olùdarí àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó tẹ ìwé náà.

Ní ọdún 1954 ni ìjọba fi í ṣe alákòóso ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aró, ní ẹ̀yìn ìlú Abẹ́òkúta. Ilé náà kò tíì parí. Ibùsùn kò tó, àwọn aláìsàn sì ń dé. Ẹlòmíràn ì bá ti jókòó de àwọn bíríkìlà. Lambo wo àwọn abúlé àgbẹ̀ tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó sì tọ àwọn ará ibẹ̀ lọ. Ohun tí ó bá wọn sọ ni pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ayálégbé.

Àdéhùn náà rọrùn. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìbátan mìíràn gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀ láti gba oògùn, abẹ́rẹ́ tàbí ìtọ́jú tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe. Bí ó bá di ọ̀sán, wọn a padà sí abúlé. Ní ìrọ̀lẹ́, aláìsàn yóò wà láàrin àwọn ènìyàn gidi, níbi tí ọmọdé ti ń sáré, tí ìyá àgbà ti ń pa àlọ́, tí ijó àti ìsìn ń lọ bí wọ́n ti ń lọ nílé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sì ń bẹ tí ń wọ abúlé láti bẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí ó bá mọ bí àwa Yorùbá ti ń sá fún wèrè ní ìta gbangba yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré ni àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí gbà láti ṣe.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò owó rẹ̀. Àwọn ará abúlé kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ilé ni wọ́n ń gbà. Ilé ìwòsàn sì ń yá wọn lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn, ó ṣe ṣáláńgá fún wọn, ó mú omi ẹ̀rọ wọ abúlé, ó sì ń rán àwọn tí ń pa ẹ̀fọn wá. Bí aláìsàn ti ń rí ìtọ́jú ni abúlé ń rí omi mímu. Lambo tún fi hàn nínú àwọn ìwé rẹ̀ pé ohun tí ìjọba ń ná lórí aláìsàn kan ní abúlé kò tó ohun tí ibùsùn ilé ìwòsàn ń jẹ. Àwọn kan nínú wa a máa rò pé bí owó bá ti wọ inú àánú, àánú náà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ará Samáríà inú àkàwé Olúwa wa san owó idẹ méjì fún onílé èrò, ó sì ṣe ìlérí láti san ìyókù bí ó bá padà dé. Onílé èrò náà gba owó rẹ̀, ẹni tí ó gbọgbẹ́ sì rí ibi sùn. A kò gbọ́ ìwàásù kan rí lórí onílé èrò yìí, bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ ni ó pọ̀ ní àyíká Aró.

Ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Geel. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń gbé aláìsàn ọpọlọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Dymphna mímọ́ tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà wọ́n mọ́, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí gbà wọ́n sílé, àṣà náà kò sì parẹ́ títí di òní. Àwọn oníṣègùn a máa dárúkọ Geel àti Aró pọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣe pàtàkì lójú tiwa. Ní Geel, aláìsàn ń gbé pẹ̀lú àjèjì tí ó gbà á bí ọmọ; ní Aró, ẹbí aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó bá a dé. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n dá òrùlé lu kí wọ́n lè sọ alárùn ẹ̀gbà kalẹ̀ síwájú Jésù, irú wọn ni dókítà yìí sọ di dandan.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò ṣòro fún àwọn kan nínú àwọn àlùfáà wa láti gbà, a kò sì ní fi í pamọ́ nítorí wọn. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Kì í ṣe pé ó fa abẹ́rẹ́ lé wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ipò nínú ètò abúlé, láti máa bá àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn gbé, kí wọ́n sì máa ṣe ìtọ́sọ́nà nípa àwọn ohun tí ó jẹ mọ́ àṣà. Àwa kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹbí tí ó ń jókòó ní ìlà iwájú ní ọjọ́ Ìsinmi ni ó ti dé ilé oníṣègùn ní ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí àwa ń ṣe ní òkùnkùn ni ó gbé wá sí ojú ọ̀sán, níbi tí dókítà ti lè rí i.

Ìròyìn Aró tàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Abẹ́òkúta gba àlejò àpérò àkọ́kọ́ ti àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní gbogbo Áfíríkà. Ní ọdún yẹn kan náà, Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bá Lambo ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé kan ní àyíká Abẹ́òkúta àti nínú ìlú náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé ti agbègbè kan ní Kánádà tí wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1963. Àwọn àmì àrùn tí wọ́n ti mọ̀ lọ́hùn-ún náà ni wọ́n bá láàrin àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọpọlọ Carothers kò sí nínú ohun tí wọ́n rí.

Ní àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ owó di ọ̀rọ̀ tí kò dùn ún sọ. Dókítà Raymond Prince, ọmọ Kánádà, ti ṣiṣẹ́ ní Aró láti ọdún 1957 sí 1959. Òun ni ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń ráhùn pé orí àwọn ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, pé ìwé kò wọlé mọ́, àìsàn tí ó sọ di mímọ̀ fún gbogbo ayé ní orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é, brain fag. Lẹ́yìn náà, ó tún padà wá láti ṣe ìwádìí lórí àwọn oníṣègùn Yorùbá tí ń wo wèrè, òun àti Frank Speed sì ṣe fíìmù kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1963. Owó ìwádìí náà ti ọwọ́ àjọ ìtọrẹ kan ní Amẹ́ríkà wá, tí ń jẹ́ Human Ecology Fund. Orúkọ náà dára létí. Ní ọdún 1977, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tú àṣírí rẹ̀ ní gbangba pé àjọ amí CIA ni ó ń da owó sínú àpò yẹn lábẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n ń wá ọ̀nà tí a fi lè darí ọkàn ènìyàn. Prince fúnra rẹ̀ kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1995, ó sì jẹ́wọ́ pé òun gba owó náà láìmọ ẹni tí ó ni ín.

Owó ìwádìí Prince ni a ń sọ, kì í ṣe owó ilé ìwòsàn Aró. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn tí ó bi léèrè ọ̀rọ̀ kò mọ ẹni tí etí rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri. Nígbà tí Júdásì dá ọgbọ̀n owó fàdákà padà, àwọn olórí àlùfáà pàápàá dúró béèrè bóyá ó yẹ kí irú owó bẹ́ẹ̀ wọ inú àpò ìṣúra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọ́n san án. Ìjọ wa tí ń gba ìtọrẹ láti òkè òkun, ẹ̀ẹ̀mélòó ni a ti béèrè?

Ní ọdún 1963, Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, Dókítà Tọ́lání Asuni sì gba ìdarí Aró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n fi Lambo ṣe olórí fún ní Ìbàdàn kó ẹ̀kọ́ mẹ́ta pọ̀: ìtọ́jú àrùn orí dídàrú, ìtọ́jú àrùn ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn, àti iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ẹni tí ó di abẹ mú nínú wọn ni Látúndé Odeku, ọmọ ìlú Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí a bí ní ọdún 1927. Ó ti kàwé ní Yunifásítì Howard, ó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, Amẹ́ríkà sì fẹ́ kí ó dúró. Ọdún 1962 ni ó dé Ìbàdàn, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí.

Ẹ rántí pé ní ìgbà náà, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí kò tíì sí. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí oníṣẹ́ abẹ tó mọ ibi tí kókó wà nínú ọpọlọ, ó ní láti ti afẹ́fẹ́ sínú àwọn àyè tí omi wà nínú orí, tàbí kí ó ti oògùn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn, kí ó sì fi X-ray yà á. Ó ń dun aláìsàn, ó sì léwu. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó dé orí ẹ̀jẹ̀ tí a ó fà sí i lára, oògùn tí a ó fi kùn ún lóorun, àti nọ́ọ̀sì tí yóò jókòó tì í ní òru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò sí ẹbí àgbẹ̀ kan tí ó lè san iye tí èyí ń náni. Owó ìjọba ni ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù, owó ìtọrẹ sì gbé apá kan iṣẹ́ yunifásítì náà. Àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí wọ́n náwó púpọ̀ sí Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí àjọ kankan tí ó lè san ohun tí Odeku san. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà bá a fínra, ó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹjọ ọdún 1974, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ilé ìkàwé àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìbàdàn tún wà lára ibùdó mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn láti fi mọ̀ bóyá irú ìsínwín kan náà ni ó wà káàkiri ayé; Lọ́ńdọ̀nù, Mọ́síkò àti Washington wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n padà bẹ àwọn aláìsàn wò lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ti Nàìjíríà, Íńdíà àti Kòlóńbíà ni ara wọn yá jù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn abúlé Aró yóò ní ìdáhùn tirẹ̀.

Lambo di Gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà. Àsìkò yìí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, àwọn ọlọ́pàá wọ ọgbà yunifásítì, ìbọn sì pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjú. Ìbànújẹ́ ọjọ́ yẹn kò kúrò nínú ìtàn yunifásítì náà títí di òní, kò sì yẹ kí ó kúrò nínú ìtàn gíwá tí ó wà lórí oyè nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó máa ń yà wá lẹ́nu ni pé ẹni tí ó mọ bí a ti ń tu ọkàn tí ó dàrú lára tó báyìí ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ojú rẹ̀.

Ní ọdún 1971 yìí kan náà ni ó lọ sí Jẹ̀nífà, sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì wà ní ipò igbákejì olùdarí àgbà láti ọdún 1973 títí di 1988. Ní ọdún 1974, ìjọ Àgùdà yàn án sínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí póòpù máa ń gba ìmọ̀ràn wọn ní Róòmù. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, kò jókòó sí Yúróòpù. Ó padà sí Èkó, ó sì dá àjọ ìtọrẹ tirẹ̀ sílẹ̀, Lambo Foundation. Ẹni tí ó ti gba owó lọ́wọ́ àwọn àjọ òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún fẹ́ kí ọ̀kan wà tí ó jẹ́ ti ilé. Ó kù ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin nígbà tí ó dákẹ́.

Ètò abúlé náà rọlẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìwádìí kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006 sọ pé nǹkan bí 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlera Nàìjíríà ni ó ń lọ sí orí ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Òfin tí ó ń darí ọ̀rọ̀ náà láti ayé òyìnbó amúnisìn wà lórí wa títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun. Ní ọdún 2019, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn gbé ìròyìn jáde pé wọ́n bá ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní oríṣiríṣi ibi ìtọ́jú ní Nàìjíríà, ti ìjọba, ti ìbílẹ̀, ti Mùsùlùmí, àti ti àwa Kírísítẹ́nì.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a jókòó nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ aláàánú ìjọ kan. Opó kan kọ̀wé pé ọmọ òun ti dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tí ó gbọ́dọ̀ máa lò lóṣooṣù ti tán, kò sì sí owó mọ́. Ìwé mìíràn wà níwájú wa ní ọjọ́ náà, ti iṣẹ́ abẹ ojú, a sì dá owó fún un láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí ó kan ti opó, ẹnìkan ní kí a fi í sínú àdúrà. A gbàdúrà. A sún ọ̀rọ̀ owó sí ìpàdé tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ìkórè sì gba ìpàdé náà. Nígbà tí a fi rántí béèrè, wọ́n ti mú ọmọ náà lọ sí ilé àdúrà kan ní ìletò, irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìtàn yìí ni akọ̀wé ìpàdé ọjọ́ yẹn. Ìwé opó náà ṣì wà nínú fáìlì wa.